Ṣíńgùlù ọlọ́dà orí ilé wa ní Akóbọ̀ n'Ìbàdàn ń pá, kò tíì lo ìdajì iye ọdún tí wọ́n ní yóò lò

ÌyáOnílé_Akóbọ̀ (Sátidé, 9:14 àárọ̀)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo gbé wá, ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á fún mi.

Nígbà tí à ń parí ilé wa, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ṣíńgùlù ọlọ́dà (pẹlẹbẹ òrùlé tí wọ́n fi ọ̀dà títì ṣe, asphalt shingle) ránṣẹ́ sí wa nínú kọ̀ńténà. Ó ní òun ló wà lórí gbogbo ilé àdúgbò òun, ọdún 30 ni wọ́n sì kọ sára ìdì rẹ̀. Ó rẹwà nígbà tí wọ́n kàn án tán. Àwọn tó ń kọjá máa ń dúró wò ó.

Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti ń rí nǹkan dúdú ní ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù tí a fi ń gbe omi òjò. Mo pè é ní eruku. Lẹ́yìn òjò ńlá ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo da omi dúrọ́ọ̀mù náà nù, mo fi ọwọ́ kó ohun tó kù nísàlẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ni. Ó rí hóró-hóró bíi gààrí tí a kò kù, òmíràn dúdú, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì kún abọ́ ìjẹun kan. Mo gbé e sí oòrùn, ó ń dán. Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè wo òrùlé wa dáadáa. Apá tó kọjú sí gúúsù ti pá, ọ̀dà dúdú ti yọjú níbi púpọ̀, etí àwọn ṣíńgùlù ibẹ̀ sì ń ká sókè bí ewé tó gbẹ. Omi tún ti ń jò sí yàrá àwọn ọmọ, sílíìnì ibẹ̀ ti ní àbàwọ́n tó fẹ̀ tó ọpọ́n.

Káfíńtà kan ní kí a tú gbogbo rẹ̀ dànù, kí a kan páànù. Ẹlòmíràn ní kí a ra ọ̀dà, kí a fi kùn ún látòkè délẹ̀. Kò sí èyí tówó rẹ̀ kéré nínú méjèèjì. Kí n tó náwó, mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ òrùlé yìí. Ẹni tó bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Káfíńtà_Bódìjà (9:40)

Mà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ ohun tó wà lórí ilé yín gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ níbí pé ṣíńgùlù lòun kàn, páànù olókùúta ni wọ́n kàn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní stone-coated. Irin ni tiyẹn nínú, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òun náà máa ń re òkúta, àmọ́ ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wá òòfà, ẹ gbé e sún mọ́ èyí tó wà létí òrùlé. Tó bá gbá a mú, irin ni.

ÌyáOnílé_Akóbọ̀ (10:25)

Ọ̀gá káfíńtà, ẹ ṣeun. Ọmọ mi yọ òòfà inú sípíkà kan tó ti bàjẹ́, ó gun àkàsọ̀, kò gbá a mú rárá. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù nínú ilé látìgbà tí a kàn án, mo mú un jáde. Ó wúwo, ó ń tẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó sì ń rùn bí ọ̀dà. Ọmọ náà tẹ èyí tó wà lórí òrùlé díẹ̀ ní igun kan, ó ṣẹ́ pà.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì_Mọ́kọ́lá (11:02)

Ìyá wa, èyí tí ẹ kọ gbẹ̀yìn yẹn ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é ní kíláàsì.

Gbogbo ọmọ Ìbàdàn ló mọ bí páànù ṣe ń kú. Ẹ gun Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga orí òkè yẹn, ẹ wo ìlú nísàlẹ̀: páànù tó ti dógùn-ún lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń jẹ irin. Ọ̀dà kì í dógùn-ún. Gbígbẹ ni tirẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ló wà nínú ṣíńgùlù kan. Àárín rẹ̀ ni fọ́nrán gíláàsì tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bí aṣọ fẹ́lẹ́. Òun ni eegun rẹ̀. Láyé àtijọ́, pépà tó nípọn ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń fa omi mu. Wọ́n á wá rì í sínú ọ̀dà tí wọ́n ti po òkúta ẹfun lílọ̀ mọ́. Ọ̀dà yìí ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Lókè pátápátá ni wọ́n ń da òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ lé nígbà tí ọ̀dà ṣì gbóná, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹwà òkúta yẹn làwa ń rí, àmọ́ agboòrùn ọ̀dà ni.

Ọ̀dà kò lè bá oòrùn jà fúnra rẹ̀. Ẹ rántí títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí. Ó dúdú kirikiri, ó ń dán, bàtà sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sàn-án. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá: ó ti ṣì bí eérú, ó ti sán káàkiri. Òróró wà nínú ọ̀dà, òun ló ń jẹ́ kó rọ̀. Ooru ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú èyí tó kù, ó ń sọ ọ́ di líle. Ìtànṣán oòrùn, pàápàá èyí tí ojú wa kò lè rí tí wọ́n ń pè ní ultraviolet, ń já ìsopọ̀ inú rẹ̀ lójú ibi tó bá ti bà lé. Bí ọ̀dà bá ti ń le ló ń sún kì. Bó bá sún kì, etí á ká sókè, ara á sán. Kò ní lè di òkúta orí rẹ̀ mú mọ́, òjò á sì gbá a lọ sínú dúrọ́ọ̀mù yín. Ibi tí òkúta ti kúrò, oòrùn á bá ọ̀dà níhòòhò, á sì yára gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọdún mélòó kan á kọjá láìsí nǹkan tó hàn, tí gbogbo rẹ̀ á wá máa bàjẹ́ ní wàràwàrà.

Ẹ ní apá gúúsù ló pá. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n 7 lókè ìlà agbedeméjì ayé ni Ìbàdàn wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń gbà kọjá lórí wa, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn pátá sì bọ́ sáàárín àkókò yìí. Nígbà tí oòrùn bá wá yí sí àríwá, òjò ti dé, ìkùukùu sì ń bò ó. Nítorí náà apá àríwá òrùlé yín ń jẹ oòrùn tó fara pamọ́, apá gúúsù ń jẹ èyí tó ràn yòò.

Ayálégbé_Àpáta (11:30)

Bàbá, ẹ̀kọ́ yìí dára gan-an. Ṣé àwọn tó kọ ọdún 30 parọ́ ni?

ỌmọMẹ̀sí_Houston (1:17 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ òrùlé ni mò ń ṣe níbí, ṣíńgùlù ọlọ́dà ni mo sì ń kàn lójoojúmọ́. Mi ò ní pè é ní irọ́. Nọ́ńbà yẹn dá lórí kí wọ́n kàn án bó ṣe yẹ, kí atẹ́gùn máa wọ inú àjà, kí ojú ọjọ́ má sì le jù. Ní Texas níbí, mo ti tú ṣíńgùlù tí wọ́n kọ 30 sí lára tí kò pé 20 lórí ilé. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún yín náà, ẹ kà á délẹ̀. Ohun tí wọ́n máa san ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bí wọn kò bá sì kàn án bí ìwé ṣe là á sílẹ̀, wọn kò ní san nǹkan kan.

Ilé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí nǹkan yìí fún. Ọdún 1903 ni Henry Reynolds, káfíńtà òrùlé kan ní Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í gé òrùlé ọlọ́dà oníyìípo sí wẹ́wẹ́ ní ṣíńgùlù. Yìnyín àti òtútù ló ń bá a jà níbẹ̀. Ní ti ooru, tí oòrùn bá mú, ojú ṣíńgùlù dúdú lè gbóná kọjá ìwọ̀n 65 lórí tẹmómítà Celsius, tí ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán kàn án á yára gbé e kúrò. Tí ìjì òjò bá wá dé lójijì ní irọ̀lẹ́, ó tutù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Wíwú àti sísún kì yẹn lójoojúmọ́ ló ń là á. Mo rántí ọyẹ́ Ìbàdàn: ọ̀sán ń jó, òru ń gbọ̀nni. Òun náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò àjà yín. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gba ojú sílíìnì wọlé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ṣé afẹ́fẹ́ ń wọlé lábẹ́ etí òrùlé? Ṣé ó ń rí ibi jáde lókè níbi góńgó òrùlé? Ìlànà tí àwa ń tẹ̀ lé ni pé bí gbogbo ojú sílíìnì bá fẹ̀ tó 150 square feet (ìbú ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà òró rẹ̀), ihò atẹ́gùn gbọ́dọ̀ tó square foot 1. Bí ìdajì ihò bá wà nísàlẹ̀ tí ìdajì wà lókè, square foot 1 sí 300 náà á tó.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì_Mọ́kọ́lá (1:50)

Ọmọ mi, o ṣe é. Mo fẹ́ tún ibì kan ṣe díẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ihò atẹ́gùn á gba òrùlé là. Ihò atẹ́gùn kì í tu ojú ṣíńgùlù lára ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ. Oòrùn tó wà lókè ló ń gbóná sí i jù, àwọ̀ rẹ̀ ló sì kàn: èyí tó funfun ń dá oòrùn padà, èyí tó dúdú ń gbé e mì. Àǹfààní ńlá tí atẹ́gùn ń ṣe ni pé ó ń gbé ọ̀rinrin inú àjà jáde kí pákó má baà jẹrà, ó sì ń mú kí yàrá tura.

ỌmọMẹ̀sí_Houston (2:05)

Òótọ́ ni, Bàbá. Mo gbà.

Káfíńtà_Bódìjà (3:33)

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa, nítorí oòrùn nìkan kọ́ ló ń ba á jẹ́. Ọwọ́ wa náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa káfíńtà, páànù la kọ́. Wọ́n gbé ṣíńgùlù lé wa lọ́wọ́, a kàn án bíi páànù.

Ìlà kan wà lójú ṣíńgùlù tí ìṣó gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ìṣó mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà níbi tí ìjì ti ń jà. Bí a bá kàn án sókè ju ìlà yẹn lọ, ìṣó kò ní bá orí èyí tó wà nísàlẹ̀, ṣíńgùlù á sì máa yọ́ wálẹ̀ tàbí kí atẹ́gùn hú u. Bí a bá fi òòlù lù ú jù, orí ìṣó á gé e wọnú. Ìṣó tí a sì ń lò, ẹ rí i pé ó jẹ́ èyí tí kì í dógùn-ún tó sì lórí fífẹ̀. Mo ti bá ìṣó pákó lásán lórí òrùlé olówó ńlá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni eruku. Ìlà ọ̀dà kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ pé oòrùn ló máa ń yọ́ ọ tí èyí tó wà lókè á fi lẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Bí ẹ bá kàn án nínú ọyẹ́, tí eruku ti bo ìlà yẹn, kò ní lẹ̀ láéláé. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò oṣù Kẹta á dé, á ṣí i bí ojú ìwé. Mo máa ń fi aṣọ nu ún kí n tó gbé òmíràn lé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kùn pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ má bínú sí mi, mi ò ní dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Mà: ibo ni wọ́n kó o sí kí wọ́n tó kàn án?

ÌyáOnílé_Akóbọ̀ (4:10)

Hẹn-ẹn! Ìta gbangba ni. A kò tíì ṣe tán, owó ti tán lọ́wọ́, ó wà nínú ọgbà nínú oòrùn fún bí oṣù mẹ́jọ, ìdì lórí ìdì títí ó fi ga jù mí lọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n máa tú u. Wọ́n ń fi ọ̀bẹ là á.

Káfíńtà_Bódìjà (4:18)

Ó ti ń dàgbà kó tó gun orí ilé nìyẹn, Mà.

ÌyáMáńgòrò_Jẹ́ríkò (6:47 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Tèmi kò pá, àmọ́ ó ní ìlà dúdú tó ń ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni da omi èédú sí i. Igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń nà dé orí òrùlé. Ọmọ mi fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò gun òkè, kó fi fọ̀ ọ́. Ṣé kó ṣe é?

ỌmọMẹ̀sí_Houston (7:30)

Ìyá, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó gbé e gun òkè! Agbára omi yẹn á fọ òkúta kúrò ní ọ̀sán kan, iṣẹ́ tí òjò ìbá fi ọdún mẹ́wàá ṣe.

Ohun dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun abẹ̀mí wínníwínní kan ni, ìran èyí tó ń hù lára ògiri tí omi ń dà sí. Orúkọ rẹ̀ ni Gloeocapsa magma. Òkúta ẹfun inú ọ̀dà ló ń jẹ, ó sì fẹ́ràn ọ̀rinrin àti ibòji. Kì í sáré jẹ òrùlé run, àmọ́ ó ń sọ ọ́ di dúdú, dúdú sì ń fa ooru.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí: háípò àti omi, ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi fọ́n ọn sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì fi omi tó rọra ń ṣàn ṣan án. Ẹ fi omi rin àwọn òdòdó ìsàlẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn kó má baà pa wọ́n. Bí ẹ bá ń gbe omi òjò, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù kúrò lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò méjì ńlá kọjá kí ẹ tó gbé e padà. Ẹ dá àwọn ẹ̀ka máńgòrò tó nà dé òrùlé. Ewé tó bá jókòó síbẹ̀ ń gba omi dúró, ẹ̀ka tó bá ń lù ú nínú atẹ́gùn sì ń ha òkúta kúrò.

Ẹ wo abẹ́ ibi tí irin onísíńkì bá wà lórí òrùlé, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ mọ́. Síńkì àti bàbà tí òjò ń ṣàn gbà lórí wọn ń pa nǹkan yẹn. A máa ń kan ọ̀já síńkì tẹ́ẹ́rẹ́ sí góńgó òrùlé nítorí rẹ̀.

ÌyáMáńgòrò_Jẹ́ríkò (7:52)

Olúwa á bù kún ọ, ọmọ mi. Mo ti gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayálégbé_Àpáta (8:20)

Ọ̀dà tí wọ́n ní kí Ìyá Akóbọ̀ fi kùn ún látòkè délẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìyẹn.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì_Mọ́kọ́lá (8:41)

Kó má ṣe é. Ọ̀dà dúdú lásán láìní òkúta lórí, oòrùn á gbẹ ẹ́ láìpẹ́, ooru ilé á sì pọ̀ sí i. Bó bá sì ti dí àlàfo tí omi ń gbà jáde láàárín ìpele kan sí èkejì, omi tó bá wọlé á há sínú, á jẹ pákó. Ọ̀dà wà fún ojú ìṣó kan tàbí etí kan tó ṣí. Ìwọ̀n owó náírà irin kan ti tó lẹ́ẹ̀kan.

ÌyáOnílé_Akóbọ̀ (Ọjọ́ Àìkú, 5:06 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo ti wò ó, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Lẹ́yìn ìsìn, èmi àti ọmọ mi gbé tábìlì sábẹ́ ojú sílíìnì, a yọ bọ́ọ̀dù kan, mo ti orí bọ inú àjà. Ooru gbá mi lójú bí ẹni ṣí ààrò búrẹ́dì. Tẹmómítà ara ògiri pálọ̀ tí mo gbé wọlé lọ gùn dé 51. Kò sí ibi kankan tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. PVC, ike pẹlẹbẹ, ni wọ́n fi dí abẹ́ etí òrùlé pa yíká ilé, kò ní ihò, góńgó òrùlé náà sì dí pa.

Mo wá tan iná fóònù sí ọ̀gangan yàrá àwọn ọmọ. Mo ti múra láti rí i pé plywood ibẹ̀ ti jẹrà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ, àyàfi ibi méjì péré tó ṣú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, irin bóòtù sì yọ gba àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́, irin tí wọ́n fi de sólà ni! Àwọn tó wá de sólà fún wa lọ́dún tó kọjá lu òrùlé, wọ́n ti bóòtù bọ̀ ọ́, wọn kò fi nǹkan kan dí i. Mo fọwọ́ kan ara bóòtù náà, ó ṣì tutù látàrí òjò àná.

Òrùlé tó ń pá kọ́ ló ń jò. Ihò sólà ló ń jò.

Káfíńtà_Bódìjà (5:20)

Mà, mo dúpẹ́ pé ẹ wọ ibẹ̀ fúnra yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Jíjò lọ́tọ̀, pípá lọ́tọ̀. Omi kì í sábà gba àárín ṣíńgùlù wọlé; ibi tí ẹnì kan bá ti lù ú, tàbí ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn onísólà, àwọn onídíìṣì, àwọn tó ń tún táǹkì ṣe, gbogbo wọn ló ń gun orí ṣíńgùlù ní ọ̀sán gangan tí ọ̀dà ti rọ̀. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fọ́ òkúta kúrò. Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n rìn láti ibi àkàsọ̀ dé ibi sólà, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ pá ju ibòmíràn lọ.

ÌyáOnílé_Akóbọ̀ (5:31)

Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Bí ọ̀nà oko ló rí, tóóró.

ỌmọMẹ̀sí_Houston (6:15)

Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn. Èrò tèmi rèé. Ihò sólà, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí kí òjò mìíràn tó dé. Kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ irin náà, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tó ń darí omi sábẹ́ ṣíńgùlù òkè, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù òrùlé sí ojú bóòtù kí wọ́n tó dè é padà. Gọ́ọ̀mù nìkan kò tó, oòrùn á là á láàárín ọdún kan sí méjì.

Apá àríwá tí kò pá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Apá gúúsù tó ń ṣẹ́ pà nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní gba àtúnṣe mọ́. Bí a bá ní ká fa ìṣó ẹyọ kan tó bàjẹ́ yọ, ìkejì rẹ̀ á ṣẹ́. Apá yẹn ni kí ẹ pàrọ̀.

Káfíńtà_Bódìjà (6:40)

Àbúrò mi ní Houston, mo bá ọ lọ lórí ti sólà. Ṣùgbọ́n ibo ni Mà á ti rí ṣíńgùlù tuntun tó bá èyí tó wà lókè mu? Ọjà wa níbí, bí o bá rí i lónìí, o lè má rí irú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ní tèmi, bí apá gúúsù bá fẹ́ kúrò, alumíníọ̀mù tó nípọn 0.55 mm ni kí wọ́n kàn síbẹ̀, kí wọ́n sì wéwèé pé apá àríwá náà á di alumíníọ̀mù lọ́jọ́ tí agbára rẹ̀ bá tán. Plywood tó wà nísàlẹ̀ ṣì gbẹ, kò ní lọ sófo. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní Ìbàdàn yìí bóyá kí òun kan ṣíńgùlù ọlọ́dà, mo máa ń sọ fún un pé kó má ṣe é, àyàfi bí òrùlé rẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó ní ihò atẹ́gùn, tó sì ní ẹni tó á máa pàrọ̀ ẹyọ tó bá bàjẹ́.

ỌmọMẹ̀sí_Houston (6:58)

Ní ti ọjà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ṣùgbọ́n òjò tó bọ́ sórí alumíníọ̀mù ń dún. Yàrá àwọn ọmọ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ronú sí i.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì_Mọ́kọ́lá (7:20)

Ẹ̀yin méjèèjì ló ní ẹ̀rí. Ìyá wa, ohunkóhun tí ẹ bá fi bo apá gúúsù, ẹ ní kí wọ́n lu ihò sí PVC abẹ́ etí òrùlé, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí ẹyẹ àti àdán má baà wọlé, kí wọ́n sì ṣí góńgó òrùlé sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nínú yàrá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ sì tẹ́ asẹ́ sẹ́nu dúrọ́ọ̀mù. Lóṣooṣù, ẹ wọn òkúta tí ẹ bá rí nínú rẹ̀ pẹ̀lú ife kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń pọ̀ sí i láti oṣù dé oṣù, apá àríwá náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

ÌyáOnílé_Akóbọ̀ (8:02)

Bàbá, ẹ ṣeun. Ọ̀gá káfíńtà, àbúrò mi ní Houston, gbogbo yín pátá, ẹ ṣeun. A ó ṣe ihò sólà àti atẹ́gùn lọ́sẹ̀ yìí. Ti apá gúúsù, èmi àti bàbá àwọn ọmọ á jókòó sọ ọ́, a fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé kí a tó tú u. Ọ̀gá, ṣé ẹ lè bá wa dé Akóbọ̀?

Káfíńtà_Bódìjà (8:09)

Mo ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mà, aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ pe àwọn onísólà kí wọ́n wà níbẹ̀, kí wọ́n lè tú irin wọn. Títí n ó fi dé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun orí rẹ̀.